Ìbéèrè Tí Wọ́n Bi Ẹsẹ̀ Kò-Ní-Gbà

Kò yí padà. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ àbúrò mi sókè, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ yẹn kò mira. Dókítà ti lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíràn, èmi ṣì ń wo nọ́ńbà bí ẹni ń wo ìkòkò tí kò fẹ́ hó. Kí ló dé tí kò yí padà?

“Kò gbà á, Màmá. A ò ní í fi omi kún un mọ́.” Ohun tí dókítà sọ kó tó lọ nìyẹn.

Kò gbà á. Họ́wù, ta ló mọ̀ ọ́n ju èmi lọ? Orúkọ tí ilé wa sọ ọ́ láti kékeré ni Kò-Ní-Gbà. Ní kó wá wẹ̀, kò ní gbà. Ní kó wọ bàtà, kò ní gbà. Ó ti di bàbá àgbà báyìí, ó sì gbé àgídí rẹ̀ dé yàrá àwọn tí àìsàn wọn le. Ẹ̀rọ ń bá a mí, rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè fẹnu kọ̀ mọ́ — ara rẹ̀ wá ń bá a kọ̀. Ẹ̀rín ń pa mí. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn, mo tún ojú ṣe.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń yún mi lọ́kàn...

Omi. Èmi rò pé omi kò ní àríyànjiyàn nínú. Ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, tí ètè rẹ̀ gbẹ, ẹ fún un lómi — kí ló tún kù? Ohun tí mo sọ fún dókítà lówùúrọ̀ nìyẹn, ohùn àgbà ni mo sì fi sọ ọ́. Ọmọdébìnrin náà, tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ mi, kò bá mi jiyàn. Ó fa àga, ó jókòó tì mí.

“Màmá, omi tó ti wọ ara bàbá kò kéré. Ẹ wo ọwọ́ wọn bó ṣe wú. Bí ọkàn wọn ò bá lè fi èyí tí a bá tún fi kún un ṣiṣẹ́, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa dà sí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè.”

“Ẹnu wo lẹ fi ń bi ara léèrè?”

“Ẹsẹ̀ la fi ń bi í, Màmá.”

Ẹsẹ̀! Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àṣé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ló máa ń wà nínú ẹsẹ̀ wa, tó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ tètè dìde. Bí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ sókè, tí wọ́n rẹ orí sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yẹn á ṣàn lọ bá ọkàn. Bí ọkàn bá yọ̀ mọ́ ọn, tó ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nọ́ńbà á gòkè: ó ń wá omi nìyẹn. Bí kò bá yọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á padà sáyè rẹ̀, ẹ̀kán omi kan kò sì tíì wọ ara. Ohun tó wà nínú òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ ọ wò. Ta ló tiẹ̀ ronú irú èyí? Mo fẹ́ràn ẹni náà. Ó ní làákàyè ìyá tó ń fi ìdí ṣíbí kan ọmọ lẹ́nu kó tó bu oúnjẹ.

Bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ ló sì ṣe iṣẹ́ náà. Nọ́ọ̀sì tẹ bọ́tìnì, ibi orí ń lọ sílẹ̀, ibi ẹsẹ̀ ń gòkè, wẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan kúbùsù tó bò ó. “A kì í fọwọ́ gbé e,” dókítà ní, “kó má baà dun bàbá, kí ọkàn wọn wá máa sáré nítorí ìrora, ká máa rò pé ẹ̀jẹ̀ ló fà á.” Kò sí ohun tí àwọn ọmọ yìí kò rò tán.

Èmi náà na ọrùn. Mo ń sọ nínú mi pé gbà á, Kò-Ní-Gbà, gbà á lẹ́ẹ̀kan yìí péré...

Kò mira.

Ó dáa náà. Wọ́n á wá fi kún oògùn tó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè gòkè. Mo di ìka rẹ̀ mú, ó tutù. Oògùn yẹn ló ń mú un tutù. Bí wọ́n bá tún fi kún un, ìka lè dúdú, ó sì lè — dókítà kò parí gbólóhùn yẹn. Mo mọ bó ṣe ń parí. Télọ̀ ni àbúrò mi. Ìka yìí ló fi tọ́ ọmọ, òun ló fi kọ́ ilé.

Kí ló dé tí kò gbà?

Dúró ná. Èmi tí gbogbo ẹbí máa ń pè bí àríyànjiyàn bá dé lórí ta ló bí ta... báwo ni orúkọ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀? Orí oúnjẹ ni. Ìyá wa á gbé abọ́ sílẹ̀, gbogbo wa á rọ́ bò ó, òun á kàn máa wo abọ́. “Ọmọ yìí kò ní gbà! Alágídí bíi bàbá rẹ̀!” Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á halẹ̀ mọ́ ọn, kò ní tọ́ ọ wò. Ìyá àgbà á jókòó sí kọ̀rọ̀, á máa wo òkè àjà bí ẹni mímọ́. Kí ìyá wa tó pè wá, ìyá àgbà ti bọ́ ọ lẹ́yìn ilé nínú oúnjẹ tirẹ̀. Èmi rí wọn. Ìyá àgbà ṣẹ́jú sí mi, èmi náà ṣẹ́jú padà, ó di eré àwa mẹ́ta.

Ọmọ náà kò kọ oúnjẹ. Ó ti yó.

Ó ti jẹun kí wọ́n tó pè é...

Kí ló tún gbé ọ̀rọ̀ yẹn wá sí mi lọ́kàn? Mo ń wo ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Kúbùsù ga níbẹ̀. Wọ́n ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ti tẹ́, kúbùsù ṣì ga. Ohun tó gbé e ga — èmi ni mo —

Ìrọ̀rí.

Lówùúrọ̀, kí nọ́ọ̀sì ọ̀sán tó gba iṣẹ́, mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, mo sì ṣe bí ilé wa ṣe máa ń ṣe. Bàbá wa a máa dúró lẹ́nu iṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Bó bá ti wọlé, ìyá wa á ti ìrọ̀rí bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ẹsẹ̀ tó bá wú, ẹ gbé e sókè.” Ìrọ̀rí méjì tí mo gbé wá láti ilé ni mo tì sí i lábẹ́, mo fa kúbùsù bò ó dáadáa, mo sì kí ara mi kú iṣẹ́. Ta ló máa rí i? Bẹ́ẹ̀dì ló gbé ẹsẹ̀, kì í ṣe ọwọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn ti lọ bá ọkàn látàárọ̀. Àlejò ti dìde kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn. Kí ni wọ́n fẹ́ kó tún ṣàn wá? Kí ni nọ́ńbà fẹ́ fi gòkè?

Èmi ni mo bọ́ ọ lẹ́yìn ilé.

Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá bi í dáadáa, kò ní gbà náà ni. Mi ò mọ̀. Áà, mo fẹ́ mọ̀! Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi ìrọ̀rí láti fà á yọ kí ẹnikẹ́ni tó dé... rárá. Bí mo bá yọ ọ́ ní jẹ́jẹ́, ta ló máa sọ fún wọn pé kí wọ́n tún bi í? Ẹnu tí mo fi pàṣẹ omi lówùúrọ̀ náà ni mo máa fi sọ ọ́. Kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí nọ́ọ̀sì lọ ròyìn mi nílé.

Mo ká etí kúbùsù sókè, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀rí méjèèjì nìyí, òun fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ wọn, ojú abẹ́rẹ́ gún régé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí wọn bíi ti bàbá wa. Nọ́ńbà ò tíì yí padà. Mo na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé, mo ń wá ojú nọ́ọ̀sì.

Kò-Ní-Gbà, àbúrò mi, wọn ò tíì bi ọ́.