Orúkọ tí mo kà nínú ìwé Lyle

Èmi Wendell Teague, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye ọta ìbọn tó wà nílé mi. Ẹ má bi mí pé kí ni mò ń fi pamọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju àgbọ̀nrín kan tí mò ń pa lọ́dọọdún àti orí kunkun tí mo jogún lọ́dọ̀ bàbá mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ ra ọta máa mú káàdì ìwakọ̀ rẹ̀ wá, kí wọ́n kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀, ni ara ti ń fu mí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ṣọ́ọ̀bù Lyle Pruitt nìkan la ti ń ra ọta ní Juniper Flat. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró lórí òkè wa, nítorí náà Lyle máa ń kọ orúkọ sínú ìwé ńlá kan ná. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá dé nírọ̀lẹ́, á fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Orí káńtà ni ìwé náà máa ń wà ní ṣíṣí láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà ìdẹ ni mo lọ ra tèmi. Obìnrin kan ló wà níwájú mi. Tess la mọ̀ ọ́n sí. Ìgbà tí yìnyín ń yọ́ ló dé sí ìlú wa, ó háyà ilé Mosier àtijọ́ ní òpin títì Cutter, ó ń sin ewúrẹ́ méjì, kì í sì í bá èèyàn tàkúrọ̀sọ. Ó ní ìkookò ń yọ ewúrẹ́ òun lẹ́nu, pé òun fẹ́ páálí ọta kan. Nígbà tí Lyle ní kó mú káàdì wá, ìwé náà ló kọ́kọ́ wò.

“Ta ló máa ń ka ìwé yìí?” ló béèrè.

“Ìjọba nìkan ni, ìyáàfin.”

“Ó dá yín lójú?”

“Ta ló tún máa fẹ́ kà á? Ìwé tí ń múni sùn lásán.”

Ó fa káàdì yọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó sì wojú mi kó tó gbé e fún Lyle. Bó ṣe wò mí yẹn bí mi nínú. Lyle kọ tirẹ̀ tán, ó kan èmi.

“Káàdì ẹ, Wendell.”

“Ìwọ Lyle? Èmi tí mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí eyín iwájú ẹ já? O ò mọ̀ mí mọ́?”

“Mo mọ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ìjọba ni ò mọ̀ ẹ́.”

“Kó má mọ̀ mí títí láé! Orúkọ èèyàn kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń tẹ́ sórí káńtà bí ẹja.”

“Má jẹ́ kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, jọ̀ọ́. Mú káàdì wá, tàbí kó o lọ fi òkò pa àgbọ̀nrín.”

Tess ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ki páálí rẹ̀ sínú àpò. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé, ó sì jáde.

Ó yẹ kí ẹ̀rín yẹn tù mí lára. Ńṣe ni ìfura mi pọ̀ sí i. Ta ló máa ń béèrè ẹni tó ń ka ìwé, bí kì í bá ṣe ẹni tí ìjọba rán wá dán Lyle wò? Mo ti pinnu lọ́kàn mi: amí ni. Mo fún Lyle ní káàdì mi, ó kọ orúkọ mi sílẹ̀. Nígbà tó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ gbé ọta tèmi, mo yí ìwé náà sọ́dọ̀ ara mi, mo sì ka ìlà tó wà lókè tèmi. Corinne Baxley ló wà níbẹ̀. Kò sí Tess kankan.

Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he. Láti ibẹ̀, ilé kọfí Nadine ni mo gbà lọ, níbi tí Harlan Voss àti àwọn yòókù máa ń jókòó sí.

“Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ? Tess kọ́ lorúkọ obìnrin yẹn! Corinne Baxley ló wà nínú ìwé Lyle.”

“Irọ́ lò ń pa, Wendell.”

“Ojú mi méjèèjì ni mo fi kà á.”

“Ojú ẹ tí ò rí àgbọ̀nrín lọ́dún tó kọjá?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Harlan fa fóònù yọ, ó kọ ọ́ sí ojú ìwé ìlú wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ta ló mọ Corinne Baxley, tó ń pe ara rẹ̀ ní Tess ní Juniper Flat? Ó ṣi Baxley kọ. Èmi ni mo tún un ṣe fún un.

Lọ́jọ́ kẹfà, ọkùnrin kan wọlé sí ilé kọfí náà, bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ní àpá ní àgbọ̀n. Ó kí wa dáadáa. Ó fi fọ́tò Tess hàn wá nínú fóònù.

“Àbúrò mi ni, ẹ̀yin bàbá. Ìyá wa ń ṣàìsàn, ó fẹ́ rí i kó tó kú.”

“Yéè,” Harlan dáhùn. “Kí ló ń ṣe ìyá?”

“Ọkàn ni. Ṣé òun nìkan ló ń dá gbé?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ṣé ó ní ajá?”

Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ kì í béèrè ajá.  Harlan ti lanu láti júwe títì Cutter, mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, mo ní ibi ìwakùsà àtijọ́ ló ń gbé, lódìkejì òkè, wákàtí méjì lórí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì sanwó kọfí mi. Wọ́n ní olófòófó kò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Èmi gba ọpẹ́, mo gba kọfí pẹ̀lú. 

Mo ní kí Harlan nu ohun tó kọ kúrò kó sì pe ọlọ́pàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn èyí tó sún mọ́ wa jù ju wákàtí kan lọ. Mo wakọ̀ bí wèrè dé ilé Mosier. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, Tess ti yọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́.

“Ẹ dúró síbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Teague.”

“Ọkùnrin kan ń wá yín. Ó ní ẹ̀gbọ́n yín lòun.”

“Mi ò ní ẹ̀gbọ́n. Ṣé ó ní àpá níbí?” Ó fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀.

“Ó ní.”

 Tess na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fa àpò kan tó ti dì sílẹ̀ tipẹ́ jáde.

“Báwo ni àkókò tí mo ní ṣe pọ̀ tó?”

“Wákàtí mẹ́rin, àlọ àtàbọ̀ ibi ìwakùsà tí mo rán an lọ, bí kò bá ya ibì kan béèrè.”

Mo bá a gbé ẹrù sínú ọkọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣe é, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ wí. “Ọkọ mi ni tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta, ìlú mẹ́rin, kò rí mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n ra ọta yẹn. Mo mọ̀ pé ìwé yẹn ló máa tú àṣírí mi.” Ó dúró, ó kọjú sí mi. “Ta ló gbé orúkọ mi jáde? Ṣé ìjọba ni?”

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń sọ pé ìjọba ni, ì bá sì gbà mí gbọ́, torí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń pariwo ní káńtà. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé e sókè.

“Èmi ni. Mo yí ìwé Lyle, mo kà á, mo sì sọ ọ́ ní ilé Nadine.”

  Tess wọ inú ọkọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Oríta wà nísàlẹ̀ títì Cutter, ẹni tó bá dé ibẹ̀ lè yà sápá ọ̀tún tàbí sápá òsì. Mo dúró sí àgbàlá, mò ń gbọ́ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń sún mọ́ ọn. Mo yí padà, mo dojú kọ ògiri ilé, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí mi títí tó fi lọ, kí n má baà mọ apá ibi tó yà sí.