Ilé Tí Wọn Kì Í Yọ Ọ̀rá

Bí èèyàn bá fìdí kan àga nínú yàrá ìgbàlejò Bàbá Ọlọ́ràá, àga náà ni yóò kọ́kọ́ ké kí onítọ̀hún tó ráyè kí ará ilé. Kì í ṣe pé ara àga náà kò yá. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá láti ilé ìtajà ni kò kúrò lára rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọlé, bẹ́ẹ̀ àkọ́bí ilé náà ti di ọlọ́mọ báyìí. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wà nínú ọ̀rá. Ojú aago ara ògiri wà nínú ọ̀rá. Ilẹ̀kùn fíríìjì ní ọ̀rá tirẹ̀, ó ti ká ní igun bí etí ìwé ọmọléèwé. Àwọn aládùúgbò ló sọ Bàbá lórúkọ yẹn, kò sì bínú sí wọn. "Ohun tí a bá tọ́jú ló ń tọ́jú ẹni," ló máa ń wí.

Ìyá, aya rẹ̀, kì í bá a jiyàn. Obìnrin olùbẹ̀rù Ọlọ́run ni, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n nígbà ooru, tí itan rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ àga tó sì fẹ́ dìde, a máa dún fàààà bí ìgbà tí aṣọ bá ya. Á wá gbójú sókè, á ní, "Olúwa, ìwọ náà kúkú ń gbọ́."

Àbíkẹ́yìn wọn, tó jẹ́ obìnrin, ló gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wọ ilé yìí. Àwòrán ilé ló ń yà fún àwọn akọ́lé. Ilé iṣẹ́ kan ti ní kó ya odidi ilé alájà méjì wá, látòkè délẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ kí agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Bó bá pẹ́, ẹlòmíràn ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ àtijọ́ sì ti darúgbó débi pé tó bá ya fèrèsé kan, á sinmi kó tó ya èkejì.

"Ṣé ká ra alágbèéká tuntun ni?" Ìyá béèrè.

"Màmá, èyí tó lè gbé iṣẹ́ yìí, owó rẹ̀ á gbé wa mì. Ṣùgbọ́n tí a bá ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a fi ọwọ́ ara wa tò ó, ìdajì owó yẹn ò ní tán."

Bàbá tó ti ń ṣe bí ẹni tó sùn lajú. Kó tó fẹ̀yìn tì, máṣíìnì ìránṣọ ló ń tún ṣe, kò sì sí ohun tó dùn létí rẹ̀ tó "ìdajì owó" àti "ọwọ́ ara wa."

"Èmi ni màá san án," ó ní. "Èmi ni màá sì mú sukudiráfà."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan ni, Dánmọ́rán ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tó ń tà tí kì í tàn. Ó gbé àpótí onídígí kan jáde.

"Bàbá, ẹ wo fáànù mẹ́ta! Pupa, búlúù, àwọ̀ ewé. Tí ẹ bá tàn án, alẹ́ yín á di ọ̀sán."

"Ọmọ mi," Ìyá ní, "a ní gílóòbù nílé."

Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé e padà, ẹ jọ̀ọ́. Iná yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ya ilé. Ṣé ẹ ní àpótí àlòkù, kódà kó ní egbò lára?"

Bí ọmọbìnrin náà ṣe ń ṣa ọjà, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣàlàyé fún àwọn òbí rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ bá wúwo sí ni kí owó wúwo sí: ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti ìrántí rẹ̀. Àpótí kàn ń gbé nǹkan ni, bí àpò ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó ń jẹ àpò. Ó ra kíbọ́ọ̀dù àlòkù, lẹ́tà méjì ti pa rẹ́ lójú rẹ̀. Ó ra ojú kọ̀ǹpútà àlòkù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sanwó títí Dánmọ́rán fi tàn án, tó sì jẹ́ kó wà nínú iná fún ìgbà díẹ̀.

"Àlòkù tí a ò bá tí ì rí nínú iná, àdììtú ni," ọmọbìnrin náà ní.

Inú Bàbá ń dùn ṣìnkìn, àfìgbà tí wọ́n dé orí ẹ̀rọ tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà yòókù. Ọmọbìnrin náà kọ̀ jálẹ̀, tuntun ló fẹ́, tuntun gidi.

"Àlòkù rẹ̀ nìyí!" Bàbá nawọ́ sí i. "Ó dá yàtọ̀ ni? Irin ṣáà ni irin."

"Bàbá mi, gbogbo ẹ̀ la lè rà ní àlòkù, àfi èyí. Tó bá fẹ́ kú, kì í dá kú. Á kó gbogbo ará ilé rẹ̀ dání."

Bàbá sanwó ọ̀hún bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀. Títí wọ́n fi délé ló ń kùn pé, "Irin ṣáà ni irin."

Nílé, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Bàbá fọ ọwọ́ bí dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, ó wọ gíláàsì, ó gbé sukudiráfà sókè.

"Ìyá àwọn ọmọ, wò ó. Tí ọwọ́ yìí bá ba ohunkóhun jẹ́ lónìí, èmi fúnra mi ni màá ya gbogbo ọ̀rá ara àga inú ilé yìí."

Ìyá, tó ń bó àlùbọ́sà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Olówó orí mi, ẹ tún un wí. Etí mi òsì ò gbọ́ dáadáa."

Bàbá tún un wí, pẹ̀lú ohùn rara.

"Àmín," ni Ìyá wí.

"Ta ló gbàdúrà?"

"Mo kàn fi tèmi tì í ni."

Iṣẹ́ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bàbá ń dè, Àbíkẹ́yìn ń tọ́ka. Wọ́n fi ọpọlọ náà sí àyè rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, kékeré báyìí, kò ju bísíkíìtì lọ. Irin ńlá kan tó ní fáànù lórí ni yóò gùn ún, òun ni yóò máa fa ooru kúrò lórí rẹ̀. Bàbà ni wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ irin yìí, ó ń dán bí dígí, ọ̀rá tín-ín-rín sì bo ojú rẹ̀. Àbíkẹ́yìn ṣí ọ̀rá náà, ó fi í sórí tábìlì. Ó fún ìpara ìtutù díẹ̀ sórí ọpọlọ náà. Ibẹ̀ ló dé tí fóònù rẹ̀ dún. Ilé iṣẹ́ náà ni, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ á pé lọ́la. Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti dáhùn.

Láti ibi tí Ìyá wà, ó rí ojú ọkọ rẹ̀. Bàbá wo bàbà tó wà níhòòhò. Ó wo ọ̀rá tó wà lórí tábìlì bí ọmọ òrukàn. Ó wo ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wá mú ọ̀rá náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tẹ́ ẹ padà sójú bàbà náà létí-létí, ó sì fi àtàǹpàkò ràn án mọ́lẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

"Eruku ò mọ ọlọ́lá," ó sọ fún ara rẹ̀.

Ìyá mi orí, ó tẹ̀síwájú lórí àlùbọ́sà rẹ̀. Ohun tójú rẹ̀ ti ń rí láti ọjọ́ tó ti délé ọkọ nìyẹn. Ta ló mọ̀ pé ti irin yàtọ̀ sí ti àga?

Àbíkẹ́yìn padà dé, fóònù há sáàárín etí àti èjìká, ó ń sọ pé, "Á pé, sà, á pé," ó sì gbé irin náà lé ọpọlọ lórí láìwo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá de ìdè rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n tan án, ojú kọ̀ǹpútà là, Ìyá sì bú sí orin ìyìn. Bàbá rìn yí tábìlì ká bí ẹni tó bí ìbejì.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Gbàrà tí Àbíkẹ́yìn ṣí àwòrán ilé alájà méjì náà, tí iṣẹ́ wá le, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń hu bí ìjì, kọ̀ǹpútà sì kú pii. Wọ́n tan án, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, àtẹ̀gùn ilé kò tilẹ̀ tí ì yọjú tó fi ṣú.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Bàbá fò sókè. "Ẹ̀rọ apínná olówó ńlá yẹn ni! Irin ṣáà ni irin, o ò gbọ́. Tú u, ká dá a padà fún Dánmọ́rán."

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ kan ara àpótí. "Bàbá mi, ó jọ pé ooru ló ń pa á. Fáànù ń yí, mo sì fi ìpara sí i. Tí irin bá fara kan ọpọlọ, kò yẹ kó gbóná báyìí. Àfi tí nǹkan bá wà láàárín wọn."

Ọ̀bẹ Ìyá dúró lórí àlùbọ́sà. Ó gbójú sókè, ó wo ọkọ rẹ̀. Bàbá gbójú sókè pẹ̀lú, ó wo aago nínú ọ̀rá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí aago rí.

Ìyá ì bá sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí òun bá tú àṣírí náà, ìtìjú ni fún bàbá lójú ọmọ, bó bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ọlá rẹ̀ ni. Ọlọ́run tó ń rí ọkàn sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àga náà wà níbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà lé e lórí," Bàbá ní kíákíá. Wọ́n dijú. "Olúwa, ọwọ́ òkùnkùn tó wọ inú kọ̀ǹpútà ọmọ yìí, ká a kò!"

"Àmín o," Ìyá gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ká a kò, Bàbá mímọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ọwọ́ tó ti tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe rí."

Bàbá la ojú kan. Ó bá ojú kan Ìyá ní lílà, tó ń dúró dè é. Ó yára padé tirẹ̀.

"Ohun tó pamọ́ sáàárín irin àti ọpọlọ," Ìyá ń bá a lọ, "jẹ́ kó pe ara rẹ̀ lórúkọ. Má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ọmọ bọ́ nítorí ìtìjú àgbà."

"À... àmín," ni Bàbá wí.

Bí wọ́n ti lajú, ọgbọ́n mìíràn sọ sí Bàbá nínú. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ bá Dánmọ́rán. Èmi á dúró ṣọ́ kọ̀ǹpútà."

Ìyá rọra lọ sídìí àga, ó jókòó. Àga ké. "Oòrùn mú jù fún mi."

"Ó dáa, bá mi bu omi wá."

"Omi ń bẹ ní ẹ̀gbẹ́ yín, Bàbá wa."

"Ó dà bíi pé ẹnìkan ń kànkùn. Lọ wò ó."

"Ọkàn yín ló ń dún yẹn."

Àbíkẹ́yìn kò gbọ́ èyíkéyìí. Ó ti tú ẹ̀rọ apínná náà, ó ti dì í sínú àpò, ó sì ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ó nu omi ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, jẹ́jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Bàbá rí i.

"Àbíkẹ́yìn, padà wá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ̀rọ yẹn ò ṣẹ̀. Gbé irin orí ọpọlọ yẹn kúrò, kí o wo abẹ́ rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà tú u. Ọ̀rá nìyí, ooru ti mú kó súnkì bí ewé gbígbẹ, ìpara sì bo ojú rẹ̀ kan. Ìyá gbà á, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ jáde lọ́rọ̀-lọ́rọ̀: "Yọ — èyí — kí — o — tó — lò — ó."

"Lẹ́tà wọn ti kéré jù," Bàbá ní.

Àbíkẹ́yìn wo bàbá rẹ̀, ó wo ọ̀rá, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Bàbá mi! Ẹ tún un lẹ̀ padà ni?"

"Eruku ni mo ń sá fún. Dárí jì mí, ọmọ mi. Mo tún ń purọ́ mọ́ irin aláìṣẹ̀."

Wọ́n nu bàbà náà, wọ́n fún ìpara tuntun sí ọpọlọ, wọ́n dá ẹ̀rọ apínná padà sáyè rẹ̀. Láti ọ̀sán ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà elégbò náà kò kú mọ́. Àtẹ̀gùn yọ, òrùlé yọ, fèrèsé kò sinmi fún fèrèsé. Bàbá jókòó tì í, ó ń tẹ́tí sí fáànù bí ẹni tó ń gbọ́ èémí ọmọ ọwọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, agogo méjìlá kò tí ì lù tí àwòrán fi lọ. Kí ọjọ́ tó rọ̀, èsì dé: kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n kọrin. Bí orin ti tán, Ìyá gbé àwo kan wá síwájú Bàbá. Àlùmọ́gàjí ló wà nínú rẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ̀jẹ́ o."

Bàbá wo ọmọ, ọmọ wo òkè àjà. Ó kúnlẹ̀ síwájú àga àkọ́kọ́, ó gé ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gé irun ọba. Ìyá ti gbà láti ọjọ́ pípẹ́ pé àga òun jẹ́ àwọ̀ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Nígbà tí ọ̀rá ṣí, àwọ̀ ewé tútù ló yọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lọ́jọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn án nílé ìtajà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan àga náà jẹ́jẹ́.

Nígbà tó gé ti àwọn àga yòókù tán, Bàbá ká gbogbo ọ̀rá náà dáadáa. "Àbíkẹ́yìn, ìta kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ìta lásán."

"Bàbá mi!"

"Mo kàn béèrè ni."

Ó padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀, ó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ tí kò gbọ́ igbe àga, ó rò pé òun nìkan ló kù nínú yàrá.

"Ìyá àwọn ọmọ, o ò tí ì wá jókòó ni?"

Ẹ̀rín Ìyá dáhùn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. "Mo ti jókòó tipẹ́."