Orin Àlùbáríkà Leah

Lọ́dún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá, Adépéjú bímọ sí Kàdúná. Obìnrin ni ọmọ náà. Nígbà tí ìròyìn dé Ìlọffà, ẹ̀yìnkùlé ni ìyá Adépéjú, Leah Adéjùmọ̀, wà, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó sọ ọ̀bẹ sílẹ̀, ó dìde, kò tíì nu ọwọ́ tó ti dá orin:

Uṣu mi kéré o, kéré,
Àlùbáríkà ń bẹ nínú ẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ orin yẹn ní àdúgbò. Leah fúnra rẹ̀ ló gbé e kalẹ̀, lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, tí iṣu, uṣu lẹ́nu wọn, tó kó lọ síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Dípò kí ojú tì í, orin ló kọ. Iṣu kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó tètè tán, nǹkan náà ni wọ́n ń pè ní àlùbáríkà níbẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ kékeré tí àlejò jẹ, jẹ, jẹ, tó tún ṣẹ́ kù fún onílé, àlùbáríkà ló wọ̀ ọ́. Láti ọdún náà ni àwọn obìnrin ti ń fi orin Leah ru irè oko wọn jó dé iwájú pẹpẹ.

Adépéjú pẹ́ nílé ọkọ kó tó rí ọmọ. Nígbà tí ojú ń pọ́n ọn, Leah jẹ́jẹ̀ẹ́: bí ọmọ òun bá bí, òun yóò pọn ọmọ náà lọ́jọ́ ìkórè, orin yìí gan-an lòun yóò sì fi gbé e dé iwájú Ọlọ́run. Kò dárúkọ orin mìíràn.

Ọdún tí wọ́n bí ọmọ náà ni Ajíhìnrere tuntun dé. Elijah Adégbìtẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ará Ìjẹ̀bú, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í ké mọ́ ènìyàn. Ìkórè ku díẹ̀ nígbà tó yà sílé Leah.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mama."

"Óò, Ajíhìnrere! Ẹ káàbọ̀. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n gbé ẹ̀gẹ́ kúrò lórí àga."

Ó jókòó, ó mu omi. "Mama, orin yín dùn gan-an. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe tiwa."

"Èwo níbẹ̀? Uṣu?"

"Àlùbáríkà ni, Mama. Àwọn Lárúbáwá ló ni ín. Ọwọ́ wọn ni Hausa ti gbà á, Hausa gbé e dé Ìlọrin, Ìlọrin gbé e dé ọ̀dọ̀ yín níbí. Ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí ni."

Leah mirí. "Áà, ó mà rìn o! Ẹsẹ̀ á ti máa dùn ún."

Ajíhìnrere rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ kúrò lórí ohun tó bá wá. Ó ní ìbùkún ló wà nínú Bíbélì, kí wọ́n máa pe ìbùkún.

"Kò lè bá ohùn mu," ni Leah wí. "Àlùbáríkà gùn, ìbùkún kúrú. Orin á máa tiro."

Ọkùnrin náà ti ro ìyẹn kó tó kúrò nílé. Ó fi ọwọ́ lu orúnkún, ó sì gbé e: "Ìbùkún Jésù ń bẹ nínú ẹ̀."

Leah kọ ọ́ wò nínú ikùn. Ó gòkè níbi tó yẹ kó gòkè, ó sọ̀ níbi tó yẹ kó sọ̀, kò fi ẹsẹ̀ kọ níbì kankan. Inú rẹ̀ ìbá dùn ká ní ó kọsẹ̀.

"Ó bá ohùn mu," ó ní. "Kò bá ẹ̀jẹ́ mi mu."

Ajíhìnrere wá là á mọ́lẹ̀ fún un. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá kúrò, àwọn ọ̀dọ́ akọrin ni yóò fi orin inú ìwé ṣáájú lọ́jọ́ ìkórè, gbogbo ọlọ́pẹ́ yóò sì tẹ̀ lé wọn, tọmọtọmọ.

Nígbà tí Adépéjú gbé ọmọ dé láti Kàdúná, ọ̀rọ̀ náà ló bá nílé. Ó fi ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀yin ń jà lórí àlùbáríkà! Màmá, bí mo bá ná àlùbọ́sà ní Kàdúná tí owó mi kéré jù, 'Albarka' ni Hausa tó ń tà á máa wí. Ìgbà àkọ́kọ́, mo rò pé ó ti gbà, mo bá ń kó àlùbọ́sà sínú agbọ̀n."

"Ó wá gbà bẹ́ẹ̀?"

"Gbà kẹ̀? Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kó o jáde. Òun kò tà ló ń wí! Ó kàn fi ọ̀rọ̀ rere wí i ni."

Leah rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tajà tún ń súre fún ẹni tí kò rà."

Lọ́jọ́ Sátidé, Ajíhìnrere tún padà wá. Ó ti ń yẹ ìwé rẹ̀ wò láti ọjọ́ náà, ó sì rí ohun tí kò fẹ́ fi pamọ́. Ó ní èdè Hébérù tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Láéláé ní ọ̀rọ̀ kan, bérákà, ìbùkún ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó wà nínú Kíróníkà Kejì, níbi tí Jèhóṣáfátì ti dúpẹ́ ní àfonífojì. Bérákà àti ọ̀rọ̀ Lárúbáwá yẹn, orísun kan náà ni.

"Ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹ ní?"

"Ọmọ ìyá ni wọ́n, Mama."

"Ẹ wá jẹ́ kí ọ̀kan jókòó nínú Bíbélì, ẹ ń lé èkejì jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mama, a ní ìbùkún nínú èdè tiwa. Kí la fẹ́ fi àgbàbọ̀ ṣe?"

Ajíhìnrere ti dúró síbẹ̀, kò ní kúrò. Leah wo ọmọ tó sùn lórí itan Adépéjú. Ó sàn kí òun fi ohùn orin òun gbé e ju kí ó tọ orin inú ìwé lẹ́yìn lọ.

"Mo gbà," ó ní. "Ìbùkún Jésù ni yóò jáde lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ègbè kì í ṣe tèmi o. Ní ìlú yìí, olórin ló ni dídá, elégbè ló ni gbígbè. Ẹni tó bá fẹ́ yí ègbè padà, obì ni yóò gbé lọ bá Fúnmilọ́lá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó bẹ̀ wọ́n."

"Ohun tí olórin bá dá ni elégbè ń gbè, Mama."

"Níbòmíràn," ni Leah wí.

Ajíhìnrere kò gbé obì lọ síbì kankan, Leah fúnra rẹ̀ kò sì lè lọ bá Fúnmilọ́lá. Láti ìgbà tí ewúrẹ́ rẹ̀ ti jẹ ẹ̀fọ́ olórí elégbè náà dé gbòǹgbò, "ẹ kú àárọ̀" nìkan ló kù láàárín wọn, ìyẹn náà kò sì dé ọ̀fun.

Ọjọ́ ìkórè pé. Àwọn obìnrin tò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, iṣu lórí, àgbàdo lórí. Leah wà níwájú, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, Adépéjú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé orin bó ti ṣèlérí:

Uṣu mi kéré o, kéré,
Ìbùkún Jésù ń bẹ nínú ẹ̀.

Kò sí ẹni tó gbè é. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń dún lórí símẹ́ńtì. Leah tún un dá, ohùn rẹ̀ ti ń tín-ín-rín. Wọ́n dákẹ́ síbẹ̀. Ó rò ó lọ́kàn pé ẹ̀fọ́ ni Fúnmilọ́lá ń gbẹ̀san rẹ̀, lójú gbogbo ìjọ, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn òun. Ó dá a lẹ́ẹ̀kẹta:

Ọmọ mi ọ̀kan o, ọ̀kan,
Ìbùkún Jésù ń bẹ nínú ẹ̀.

Ohùn Fúnmilọ́lá bú jáde láti ẹ̀yìn, ohùn gbàǹgbà bíi ti ọkùnrin:

Àlùbáríkà ń bẹ nínú ẹ̀!

Gbogbo elégbè gbà á. Leah dá tirẹ̀, wọ́n gbe tiwọn. Ìbùkún Jésù níwájú, àlùbáríkà lẹ́yìn, ohùn kan náà ló gbé méjèèjì, èkíní kò sì tẹ èkejì lẹ́sẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe jó dé iwájú pẹpẹ. Leah sọ ọmọ kalẹ̀, Ajíhìnrere gbà á, ó gbàdúrà fún un kalẹ̀kalẹ̀, kò gé e kúrú.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó bá Leah lábẹ́ igi máńgòrò. "Mama, ẹ mú ìlérí yín ṣẹ. N kò lè purọ́."

"Àwa la ò ṣèlérí," ni Fúnmilọ́lá wí, ó ń tú gèlè. "Kò sẹ́ni tó bi wá. Leah, gbé ọmọ yẹn wá kí n rí imú rẹ̀. Ó dà bíi ti ewúrẹ́ rẹ."

"Imú ìyá rẹ ló jọ," ni Leah dá a lóhùn, ó sì gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

Ajíhìnrere béèrè ìgbà tí òun lè wá bẹ àwọn elégbè. Fúnmilọ́lá ní ọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n bá ti oko dé. Ó sì wá lóòótọ́, ó gbé obì dání, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Lárúbáwá, ó dé orí Hébérù. Àwọn elégbè gbọ́ ọ délẹ̀. Wọ́n gún iyán fún un, wọ́n jẹ obì rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé àwọn á rò ó. Ọmọ Adépéjú ti ń rìn ní Kàdúná, wọ́n ṣì ń rò ó.