Ìpàdé Àwọn Ará Inú Àyà Mi

Ọyẹ́ ti jókòó sórí àga mi kí n tó wọ pálọ̀. Mo kí i, ó fẹ́ atẹ́gùn tútù sí mi lójú. Àyà ń dùn mí gan-an, mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé òtútù lásán ni. Nígbà tí ìrora náà pọ̀ jù, mo tú bọ́tìnnì àyà mi, mo kó gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀ síta, mo tò wọ́n sórí ẹní.

Àǹtí Ṣijúadé, àbúrò bàbá mi tí a ti sin tipẹ́, ni alága ìpàdé. Gèlè tí a fi sin wọ́n ṣì wà lórí wọn, kò tilẹ̀ yẹ̀. Àǹtí ní ẹni tó bá jẹ̀bi yóò bá àwọn lọ sílé, pé ilé àwọn móoru. Mo rò pé ẹ̀rù yóò ba àwọn ará àyà mi. Ńṣe ni wọ́n ń du ẹ̀bi mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀dọ̀fóró ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí òun ló sanra jù. Ó wúkọ́ títí, ó ní atẹ́gùn tútù ló fún òun lọ́nà ọ̀fun. Egungun ìhà ní irọ́ ni, pé gbígbọ̀n tí mo ń gbọ̀n ló fa òun níṣan. Ikùn, aládùúgbò wọn nísàlẹ̀ tó bá wọn wá sípàdé, ní kí àwọn méjèèjì gbẹ́nu dákẹ́: ta ló jẹ ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata, tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí omi kíkan fi ń gòkè wá sáyà? Ojú tì mí. Kí ló dé tó fi ní láti sọ ọ́ lójú Àǹtí?

Gbogbo wọn ti wọ súwẹ́tà, wọ́n ti di ẹrù wọn láti bá Àǹtí lọ.

Ọkàn nìkan ló ká kò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Òun ló kéré jù. Ó ń nawọ́ sókè ṣáá, ṣùgbọ́n nílé tiwa, ọmọdé kì í dá sí i tí àgbà ò bá tíì sọ̀rọ̀ tán. Èmi gan-an jágbe mọ́ ọn pé kó fara balẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" Àǹtí bi í.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Èmi ni mo ti ń ké láti àárọ̀. Òtútù ń fún mi, ọ̀gá tún lọ ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì."

Àǹtí ò bá a jiyàn. Wọ́n gbé e pọ̀n, wọ́n fi ọ̀já gbà á, wọ́n kọrí sẹ́nu ọ̀nà. Oorun ti ń kun ọkàn mi lẹ́yìn wọn. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo fẹ́ sáré, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró ṣì ń bínú pé wọn ò mú òun, kò ráyè tèmi. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọkàn mi lẹ gbé lọ yẹn."

Wọ́n yíjú padà. "Sọ ọ́ kí àwọn ará ilé rẹ gbọ́."

Mo lọgun.

Nígbà tí mo lajú, Adétóún ìyàwó mi ti wọṣọ, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sunkún. Mo lanu láti sọ pé òtútù lásán ni. Ó ní kí n dìde ká máa lọ sí ọsibítù, pé gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọkàn mi ni.