Irin Tó Ń Mu Omi

Lórí òrùlé Ìyá Wàsílátù ní Máfolúkù, apá pákó mẹ́ta ń yí lórí òpó irin kan, dáínámò mọ́tò wà lẹ́yìn wọn. Dúrósinmí ló ṣe é. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, bátìrì á gba agbára, gílóòbù kan á sì tàn ní yàrá bàbá rẹ̀, bí iná gbogbo àdúgbò tilẹ̀ lọ.

Ní 1976, tí owó epo ti kó ọkọ̀ tuntun kún títì, ọ̀kan nínú ọkọ̀ wọ̀nyí pa Dúrósinmí ní Òṣòdì. Ẹbí sin ín. Àṣà kò jẹ́ kí bàbá tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fi ojú oórì hàn án. Ó jókòó sílé, ojú rẹ̀ gbẹ, ó ń gbọ́ apá pákó náà, fùù, fùù, bí ẹni tó ń mí lójú oorun.

Òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, ni Ìyá Wàsílátù onílé bá dé ẹnu ọ̀nà bàbá.

"Bàbá Dúró, ẹ sọ nǹkan yẹn kalẹ̀ o! Irin tó ga ju gbogbo òrùlé lọ! Ṣé ilé mi lẹ fẹ́ fi gba àrá lálejò?"

"Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta."

Bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ni yóò tún máa mí nínú ilé náà?

Ó lọ bá Gàfárù, ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe ní Èjìgbò. Gàfárù gbé wáyà kọ́pà wá, àti ọ̀pá irin tó ga ju ènìyàn lọ.

"Bàbá, ọ̀nà ilẹ̀ ni àrá ń wá. Ẹ là á fún un, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tútù ló ń gbà á. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ dára. Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ."

Bàbá gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni n ó gbẹ́ ẹ."

Ó gbẹ́ ilẹ̀ títí ó fi kan orúnkún. Wọ́n gbá irin wọlẹ̀, wọ́n so wáyà tó ti ara òpó òrùlé wá mọ́ ọn. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ọ̀run ṣú lórí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mọ̀nàmọ́ná bọ́ sórí òpó, ilé mì tìtì, Ìyá Wàsílátù ké wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí etí là, èéfín funfun ń rú lẹ́yìn balùwẹ̀. Ilé kò jó. Fíúsì kan ṣoṣo ni Gàfárù wá pààrọ̀.

"Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, Bàbá, ẹ máa da omi sí ìdí irin yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ilẹ̀ ibẹ̀ má gbẹ."

Ọyẹ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Wàsílátù tún bá bàbá lẹ́yìn balùwẹ̀ pẹ̀lú garawa.

"Bàbá Dúró, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Gàfárù wí. Ojoojúmọ́ lẹ̀yin ń da omi. Ṣé iṣu lẹ gbìn ni?"

Bàbá rọra da ìyókù sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì dúró títí ilẹ̀ fi mu ún tán. Lókè, nínú kùrukùru ọyẹ́, apá pákó náà ń yí, fùù, fùù.

Obìnrin náà ká aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn tó gba ibẹ̀ kọjá, ó sì wọlé lọ.