Ibi tí Ifákẹ́mi Ń Lọ ní Ọjọ́bọ̀

"Ta ló sọ fún yín pé mo lọ sí Ẹ̀gùá?"

Ifákẹ́mi kò gbóhùn sókè. Aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ló ń sá sórí okùn lẹ́yìn ilé wọn ní Ìlaròó, kò sì bojú wẹ̀yìn. Fágbénró, ọkọ rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹnìkan ló rí ọ."

"Ẹnìkan wo?"

Kò sí ẹnìkan. Fágbénró àti Aishat, tí wọ́n jọ kàwé ní pólì, ni wọ́n ṣe áàpù kan tí wọ́n pè ní Gbémidélé, tí èèyàn fi ń pe ọ̀kadà láti orí fóònù. Láti ìgbà tí ìjọba ti ti ẹnubodè pa, tí epo sì di ohun àwárí, kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró lójú títì máa retí ọ̀kadà tí kò ní wá. Gbogbo ìlú ló ń lò ó. Orúkọ èrò, ibi tó ti gùn, ibi tó sọ̀ sí, ìgbà tó padà, gbogbo rẹ̀ ni áàpù náà ń kó pamọ́. Aishat ti bẹ̀ ẹ́ títí pé bí èrò bá ti sọ̀kalẹ̀, kí àwọn pa á rẹ́. Fágbénró ní kó fi í sílẹ̀, pé yóò wúlò lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ náà dé nítorí abọ́ kan. Ní Ọjọ́bọ̀, tí Ifákẹ́mi kì í lọ síbi iṣẹ́, Fágbénró ṣàkíyèsí pé abọ́ onídèérí aláwọ̀ ewé máa ń bá a jáde pẹ̀lú oúnjẹ, á sì padà ní òfìfo. Ọjà ló ní òun ń lọ. Ni ọkọ bá ṣí àkọsílẹ̀ áàpù. Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin, ilé kan ṣoṣo, létí Ẹ̀gùá, lọ́nà oko. Lọ́jọ́ kan, ó lò tó wákàtí méjì. Ẹ̀gùá sì ni ìlú Abọ́dúnrìn, tíṣà tó kọ́kọ́ fẹ́ fi Ifákẹ́mi ṣaya. Láti ìgbà náà, ohun tí èèyàn méjì lè fi wákàtí méjì ṣe ni Fágbénró ń rò.

Ifákẹ́mi yíjú padà. "Bàbá Ayọ̀bámi, inú áàpù yín lẹ ti ń wò mí. Mo fún un lórúkọ mi kí ọlọ́kadà lè mọ ẹni tó fẹ́ gbé. Mi ò fún un kí ẹ lè máa ṣọ́ mi."

"Ta ló wà nínú ilé yẹn?"

"Aláìsàn."

"Kò lórúkọ ni?"

"Ó ní. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì gbà."

"Títí kan èmi ọkọ rẹ?"

"Títí kan ẹ̀yin."

"Abọ́dúnrìn mà ń ṣàìsàn o."

Ifákẹ́mi gbé báàfù rẹ̀, ó wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Fágbénró gun alùpùpù rẹ̀. Ọ̀nà tí à ń fi kẹ̀kẹ́ rìn lọ́jọ́ ọjà nígbà kan, tí àwọn ará òdìkejì ẹnubodè ń bọ̀ tẹrùtẹrù, tí oníkálukú ń fi orúkọ kí ara wọn, ti dá páropáro. Ìdènà àwọn aṣọ́bodè nìkan ló kù níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi í ibi tó ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló parọ́.

Èkejì abọ́ aláwọ̀ ewé ilé wọn ló kọ́kọ́ rí, tí wọ́n dà á dé lẹ́nu ọ̀nà. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" Ohùn tó ti mọ̀ láti kékeré ni. Kòkúmọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, tí gbogbo ilé rò pé ó wà ní Kútọnu. Báńdéèjì funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìrẹsì ló dì sẹ́yìn alùpùpù nígbà tí àwọn aṣọ́bodè lé e tó fi ṣubú. Ó sì ti búra fún ìyá wọn pé òun ti fi òwò fàyàwọ́ náà sílẹ̀.

"Ìyàwó rẹ ló sọ fún ọ?"

"Rárá, Bọ̀dá mi. Kò sọ."

"Ta ló wá sọ ọ́?"

Fágbénró ṣàlàyé, títí kan ọ̀rọ̀ Abọ́dúnrìn. Kòkúmọ́ rẹ́rìn-ín. "O rò pé ìyàwó rẹ wá yan àlè níbí? Ẹsẹ̀ wo ni àlè ọ̀hún fẹ́ fi dìde?" Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Bí ìwọ bá rí mi nínú ẹ̀rọ, ẹni tó bá gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò. Fágbénró bẹ̀ ẹ́, ó ní òun nìkan ló rí àkọsílẹ̀ náà.

"Kò yẹ kí ìwọ náà rí i."

Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rẹ́ kan ti gbé e gba ọ̀nà oko lọ. Kí wọ́n tó gbéra, Fágbénró béèrè ibi tó ń lọ. "Má bínú," ni Kòkúmọ́ wí. "Bí mo bá sọ fún ọ, ibo lo máa kọ ọ́ sí?"

Ọ̀dọ̀ Aishat ni Fágbénró gbà lọ. Wọ́n pa gbogbo ìrìn àtẹ̀yìnwá rẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí èrò bá ti sọ̀kalẹ̀, kò sí ẹni tó lè rí ibi tó lọ, àní Fágbénró fúnra rẹ̀. Aishat kò bi í ní ohun tó rí.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, Ifákẹ́mi bu oúnjẹ sínú abọ́ aláwọ̀ ewé, ó pe ọ̀kadà láti orí fóònù rẹ̀. Kò sọ ibi tó ń lọ. Bóyá ọ̀dọ̀ Kòkúmọ́ ni. Bóyá kì í ṣe ibẹ̀. Owú náà ṣì wà láyà ọkọ rẹ̀, ó ń ta á bí èérún. Ó ṣí kọ̀ǹpútà. Kò sí orúkọ, kò sí ọ̀nà. Ó pa á dé.

Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó ń ká aṣọ funfun lórí okùn, ó ń tẹ́tí sí ìró ọ̀kadà náà títí tí kò fi gbọ́ ọ mọ́.