Ìyá Ìkókó Ń Gbọ́ Yín

Inú ń bí Soavelo. Pákó lásán ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí Botozafy ọkọ rẹ̀, ọlọ́kọ̀ ojú omi, jókòó sí pẹ̀lú Ọ̀gá Donasiẹn, tó ń bá òtẹ́ẹ̀lì kó àlejò jọ láti wo àbùùbùtán, ẹran òkun tó tóbi ju ọkọ̀ lọ, gbogbo ètò ọ̀la ló sì ń wọ̀ ọ́ létí. Ní erékùṣù Sainte-Marie, ìyá ìkókó kì í jáde, àlejò kì í sì í já wọlé tọ̀ ọ́.

"Àwọn òyìnbó yìí ò fẹ́ wo ìrù lókèèrè," Donasiẹn ń wí. "Ọmọ àbùùbùtán ni wọ́n fẹ́ rí, nítòsí."

"Ìyẹn ò le," ni Botozafy dáhùn. "Ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lẹ́yìn àpáta gúúsù. Ọmọ ẹ̀ ò tíì lè pẹ́ lábẹ́ omi. A ó fi ọkọ̀ gba àárín wọn, a ó lé ìyá sẹ́yìn. Ọmọ á ṣáà jáde wá mí."

"Orí ẹ pé."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló wá dá kún ìbínú Soavelo. Ọkùnrin tó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn nínú ilé kí ọmọ má baà jí, òun náà ló jókòó tó ń pète ìkà báyìí! Soavelo gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu.

"Kí lò ń wá níta?" Botozafy ní. "Atẹ́gùn ń fẹ́."

"Mo gbọ́ ètò yín. Ọ̀dọ̀ mi ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Donasiẹn, ẹ wọlé, kẹ́ ẹ gba àárín èmi àti ọmọ mi. Ọkọ mi á fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn yín."

Donasiẹn rò pé àwàdà ni. Ó na ọwọ́ sí ọmọ, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Kó tó gbé ìkejì, Botozafy ti na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ dúró síbẹ̀, ọ̀gá."

"Ṣebí eré là ń ṣe."

"Ẹ dúró síbẹ̀ ni mo wí. Mi ò lọ mọ́ lọ́la."

Donasiẹn mú fìlà rẹ̀. "Kò burú. Ọlọ́kọ̀ pọ̀ létí òkun, o sì kúkú ti sọ ibi tí ìyá àti ọmọ yẹn wà fún mi."

Nígbà tó lọ tán, Botozafy yíjú sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọpẹ́.

"Má wo ojú mi," Soavelo ní. "Wa ọkọ̀ rẹ lọ sẹ́yìn àpáta. Bó o ṣe dí ẹnu ọ̀nà yìí, lọ dí tibẹ̀ náà."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta.